Ẹ má tíì gbé alùpùpù Bàbá fún oníkọ́ńdẹ́mù: Bí họ́ọ̀bù àtijọ́ ṣe ń padà dán

Bí èèyàn bá rìn láti Òpéjì títí dé Osìẹ̀lẹ̀, tàbí tó yà wọ àwọn agboolé tó wà lẹ́yìn Láfẹ́nwá àti Ìtòkú n'Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ kó tó rí alùpùpù àtijọ́ kan tí wọ́n gbé tì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti to igi ìdáná lé e lórí, táyà rẹ̀ ti jò, àwọn ọmọdé ń gùn ún ṣeré. Bàbá tó ni ín lè ti di olóògbé, tàbí kó jẹ́ pé orúnkún kò jẹ́ kó lè ta á nípàá kó dáhùn mọ́.

Ọ̀pọ̀ irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ló ní ìtàn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ san owó Údójì fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tíṣà, nọ́ọ̀sì, wolé-wolé àti akọ̀wé ló fi owó ẹ̀yìn tí wọ́n kó fún wọn lẹ́ẹ̀kan náà ra ohun ìrìnnà. Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, tí Abẹ́òkúta di olú-ìlú rẹ̀. Nígbà tó di 1979, Honda ti dá ilé-iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà, nínú ìpínlẹ̀ yìí kan náà. Kò tíì sí ẹni tó ń pe alùpùpù ní ọ̀kadà nígbà tí owó Údójì dé. Orúkọ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni àwọn èèyàn wá yá fún un nígbà tó yá. Máṣíìnì là ń pè é, ẹni tó bá sì ní Honda 175 nígbà náà, ẹni iyì ni. Bó bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á ti mọ̀ pé tíṣà àgbà ló ń bọ̀.

Lónìí, àwọn tó ń fi ọmọlanke ra àlòkù irin, tí gbogbo ayé ń pè ní oníkọ́ńdẹ́mù, ló ń wá irú máṣíìnì bẹ́ẹ̀ kiri. Wọ́n ń gbé e ka orí òṣùwọ̀n, wọ́n sì ń san owó rẹ̀ ní kílò. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń ta ogún bàbá wọn kò mọ̀ ni pé ojú oníkọ́ńdẹ́mù kì í fi bẹ́ẹ̀ wà lára irin rẹ̀. Alumíníọ̀mù ló ń wá, nítorí pé owó alumíníọ̀mù ju owó irin lọ, èyí tó sì rọrùn jù láti rí lára alùpùpù, yàtọ̀ sí ẹ́ńjìnnì, ni họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ méjèèjì. Họ́ọ̀bù ni àárín ẹsẹ̀ alùpùpù, níbi tí gbogbo sípóòkì ti pàdé, tí bíréèkì sì fara pamọ́ sí nínú. Àwọn tó ń rọ ìkòkò á yọ́ ọ ní ìwọ̀n ooru 660 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, wọ́n á dà á sínú iyanrìn tí wọ́n ti fi ṣe àwòṣe, ó di ìkòkò. Ó ṣeé ṣe kí ìkòkò tí ìyá kan fi ń ro làfún lówọ́lọ́wọ́ ti jẹ́ họ́ọ̀bù máṣíìnì tíṣà nígbà kan. Kò sí ohun tó burú nínú ìkòkò. Ṣùgbọ́n Honda 175 tó bá ti di ìkòkò kò lè padà di Honda mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹni tó tà á lè máà tíì rí ojú rẹ̀ gan-an rí, nítorí ìdọ̀tí ọdún márùndínlógójì tó bò ó.

Ìdí nìyí tí iṣẹ́ fífọ họ́ọ̀bù fi yẹ ní mímọ̀. Kò gba irin iṣẹ́ olówó ńlá. Sùúrù ló gbà, àti kí èèyàn mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ fi kàn án. Àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tó fẹ́ ṣe oore ti ba họ́ọ̀bù jẹ́ púpọ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni láti mọ irú irin tó wà níwájú ẹni. Ẹ wá òòfà tó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi kan ara họ́ọ̀bù náà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni. Báyìí ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọlé ṣáájú òmìnira ṣe rí. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, alumíníọ̀mù ni, bíi ti ọ̀pọ̀ Honda, Suzuki àti Yamaha tó dé lẹ́yìn wọn. Ti alumíníọ̀mù náà ní òrùka irin nínú, níbi tí ṣúù bíréèkì ti ń fi ara gbo ó, nítorí pé alumíníọ̀mù rọ̀ jù fún irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òrùka inú yìí tàn yín jẹ. Ẹ̀yìn ìta ni kí ẹ fi òòfà kàn.

Alumíníọ̀mù yìí kì í ṣe irin àwọn baba wa. Àgbẹ̀dẹ Ẹ̀gbá mọ irin, wọ́n mọ idẹ, wọ́n mọ bàbà àti òjé, àwọn mẹkáníìkì wa sì ṣì ń bọ Ògún lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ọdún 1825 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan nílẹ̀ Denmark, Hans Christian Ørsted, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ alumíníọ̀mù jáde lára èròjà rẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni àwọn Ẹ̀gbá, lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ó wọ́n gógó títí di 1886 tí wọ́n fi rí ọ̀nà tí owó rẹ̀ fi wálẹ̀. Nítorí náà, ọgbọ́n tí a jogún fún fífọ irin àti idẹ kò bá a mu pátá. Àwọn àgbà máa ń fi òrombó wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ idẹ, ó sì ń mọ́. Iyanrìn kan náà yóò ha alumíníọ̀mù bí ìgbà tí ológbò fi èékánná ha ilẹ̀kùn.

Eérú ló tún burú jù. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi eérú fọ ìkòkò, ọmọ tó bá sì rí ìyá rẹ̀ lè rò pé ohun tó mọ́ ìkòkò á mọ́ họ́ọ̀bù. Àwọn aláró Ìtòkú lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Omi eérú ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀lú ṣiṣẹ́ nínú ìkòkò aró láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti yà sídìí kọ́sítíìkì sódà nítorí pé òun le jù ú lọ. Agbára tó wà nínú omi eérú àti kọ́sítíìkì yìí ni alumíníọ̀mù ò lè dúró dè. Awọ tín-ín-rín kan wà lára alumíníọ̀mù tí ojú kò lè rí, atẹ́gùn ló ń dá a sí i lára, òun ló sì ń dáàbò bò ó. Omi eérú á bó awọ yìí kúrò, á wá máa jẹ irin náà fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kọ́sítíìkì, á máa hó yẹ̀ẹ̀, á gbóná, ìgbà tí yóò bá fi dáwọ́ dúró, họ́ọ̀bù ti dúdú, ó ti ní ihò wínníwínní. Ọṣẹ dúdú náà ní omi eérú nínú. Ó dára fún ara èèyàn, kò dára fún họ́ọ̀bù.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ń gbé nítòsí Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì láti 1960, àti sí ẹnikẹ́ni tó bá gbé máṣíìnì ti àpò sìmẹ́ǹtì nínú ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́. Eruku sìmẹ́ǹtì gbígbẹ kò ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ tí òjò tàbí ìrì bá kàn án ló di ohun tó ń jẹ alumíníọ̀mù. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ bá wà nírú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku yẹn kúrò ní gbígbẹ kí ó tó fi omi kàn án.

Omi bátìrì tí àwọn mẹkáníìkì kan ń fi bó ìpáàrà kúrò lára nọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ bákan náà, nítorí ó ń ba sípóòkì jẹ́ kíákíá, ó sì lè fọ́ ojú. Kànìnkànìn onírin náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọ́n bá fi fọ alumíníọ̀mù, fọ́nrán irin kéékèèké á há sí i lára, lẹ́yìn òjò méjì péré, àmì pupa ìpáàrà á yọ káàkiri ibi tí wọ́n rò pé àwọn ti fọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí, owó ló ń báni jẹ. Ohun tó lè gba ẹ̀mí wà nínú họ́ọ̀bù náà gan-an. Bí wọ́n bá tú ẹsẹ̀ alùpùpù àtijọ́, eruku dúdú kan máa ń kún inú ibi tí ṣúù bíréèkì wà. Àṣà àwọn ọmọṣẹ́ ni pé kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fẹ́ ẹ fúù, tàbí kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ dànù. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì, irú èyí tó wà nínú páànù àjà ilé àtijọ́, wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù bíréèkì ìgbà yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé kò sí irú rẹ̀ tí kì í fa jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de èyí tó kù nínú lílò rẹ̀ ní 1999, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó kù sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2005. Eruku rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró, kò ní jáde mọ́, àìsàn tó ń fà sì lè gba ogún ọdún sí ogójì kó tó fara hàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó fẹ́ eruku yìí lónìí lè ti di bàbá àgbà kí ó tó máa wúkọ́, kò sì ní rántí alùpùpù kankan.

Èèyàn kò lè fi ojú mọ ṣúù tó ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Nítorí náà, bákan náà ni kí a ṣe sí gbogbo wọn. Ẹ fi omi ọṣẹ rin inú rẹ̀ wọ́ọ́wọ́ kí eruku má lè fò, ẹ fi àkísà tútù nù ún, ẹ di àkísà náà sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pa kí ẹ tó gbé e jù sí ibi ìdalẹ̀. A kì í sun ún, a kì í sì í fọ̀ ọ́ láti tún un lò. Ìta gbangba ni kí iṣẹ́ náà ti wáyé, kí àwọn ọmọdé sì jìnnà sí i.

Ewu mìíràn ni ti àwọn tó ń kánjú. Wọ́n á gbé máṣíìnì dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀, wọ́n á ṣí iná, wọ́n á fi í sí jíà, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa yí, wọ́n á wá di àkísà mọ́ họ́ọ̀bù kó máa dán fúnra rẹ̀. Sípóòkì kò mọ̀ yàtọ̀ sáàárín àkísà àti ìka. Bí ó bá mú àkísà, ọwọ́ á tẹ̀lé e. Họ́ọ̀bù tó ń yí kọ́ ni à ń fọ̀, ẹsẹ̀ tí a ti tú sílẹ̀ ni. Bákan náà, kẹrosíìnì ni à ń fi fọ gíríìsì, kì í ṣe bẹntiróòlù, nítorí pé òórùn bẹntiróòlù lè wá iná lọ bá sítóòfù tó wà lẹ́yìnkùlé.

Bí a bá ti mọ gbogbo èyí, iṣẹ́ tó kù kò le, ó kàn pẹ́ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ abọ́ bíréèkì kúrò, wọ́n á fi ìwé àti ọ̀rá di ojú ihò inú họ́ọ̀bù pa, wọ́n á sì di ti bẹ́ríìnì náà, kí ìdọ̀tí àti omi má wọbẹ̀. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì rẹ gíríìsì tó ti gan, pàápàá ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí ṣéènì ti ń ta epo sí i. Orín tí a ti rún lẹ́nu dáradára wúlò níbí ju búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ, torí ó le díẹ̀, kò sì lè ha irin, ó sì ń wọ àárín sípóòkì àti àwọn kọ̀rọ̀ tí ìka ò lè dé. Lẹ́yìn náà ni omi àti ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú díẹ̀, kí wọ́n ṣàn án dáadáa, kí wọ́n fi àkísà nù ún gbẹ.

Ìgbà yìí ni òótọ́ tó wà lára họ́ọ̀bù máa ń jáde. Lára àwọn kan, ọ̀dà fàdákà tàbí fáníìṣì tí ilé-iṣẹ́ kùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ ṣì wà. Bí kò bá tíì ṣí, ohun tó dára jù ni kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ọṣẹ nìkan fọ̀ ọ́. Bí ó bá ti ń ṣí, tí àwọn ìlà funfun sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ipa ekòló, omi ti wọ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sí pólíìṣì tó lè ràn án, àfi kí wọ́n bó o kúrò pátápátá. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ sípóòkì níbi tó ti wọ họ́ọ̀bù. Ìyẹ̀fun funfun bí ẹ̀fun tó máa ń wà níbẹ̀ jẹ́ àmì pé irin àti alumíníọ̀mù ti ń bá ara wọn jà nínú ọ̀rinrin. Orín ni kí ẹ fi ha á jáde. Pàtàkì jù lọ, ẹ fi ojú wá ìlà tín-ín-rín láti ihò sípóòkì kan sí èkejì. Bí ó bá wà, tí èékánná sì ń kọ́ ọ, họ́ọ̀bù náà ti sán. Máṣíìnì náà lè dúró sí pálọ̀ kí àlejò máa wò ó, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbé èèyàn mọ́. Ìdọ̀tí ló ti ń bo irú ìsán bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọdún yìí wá, èyí nìkan sì tó ìdí láti fọ họ́ọ̀bù, kódà bí ẹni tó ni ín kò bá bìkítà fún dídán rẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá wá dá ṣáká àyàfi ojú tó ti ṣókùnkùn, wọ́n á mú sáńpépà olómi. Nọ́ńbà tó bá pọ̀ ló kúnná. Ibi tó bá ní ihò wínníwínní nìkan ni wọ́n ń fi 400 bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí 600, lẹ́yìn náà 1000, pẹ̀lú omi ní gbogbo ìgbà. Bí wọ́n bá fo ọ̀kan nínú wọn, àmì tí èyí tó ṣáájú fi sílẹ̀ á hàn gbangba bí ilà ojú. Bí kò bá sí ihò, wọn ò nílò sáńpépà rárá.

Lẹ́yìn èyí ni pólíìṣì. Brasso, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 1905, tí àwọn ọlọ́pàá, sójà àti ọmọ ẹgbẹ́ Boys' Brigade fi ń dán idẹ bẹ́líìtì wọn, ṣiṣẹ́ lórí alumíníọ̀mù náà. Bí kò bá sí, ọṣẹ ìfọyín funfun lè ṣe díẹ̀, ó kàn máa pẹ́ ni. Wọ́n á ya aṣọ òwú gbígbó ní gbọọrọ bí ọ̀já, wọ́n á tì í gba àárín sípóòkì yí họ́ọ̀bù ká, wọ́n á wá máa fa etí rẹ̀ méjèèjì lọ bọ̀, bí ìgbà tí àwọn méjì bá ń fa ayùn. Aṣọ náà á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n rò pé ìdọ̀tí ló kù, wọ́n á máa gbo ó títí ilẹ̀ á fi ṣú kí aṣọ lè funfun. Kò ní funfun láéláé. Alumíníọ̀mù náà fúnra rẹ̀ ló ń dúdú lára aṣọ bí wọ́n ṣe ń gbo ó. Bí ojú họ́ọ̀bù bá ti ń fi ojú ẹni hàn, ó ti tó. Ẹsẹ̀ kan lè gba odindi ọjọ́ kan.

Ó tilẹ̀ yẹ kí a béèrè bóyá ó yẹ kó dán tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ họ́ọ̀bù yìí kò dán bíi dígí lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ jáde, àwọn tó mọ ìdí máṣíìnì àtijọ́ nílẹ̀ òkèèrè sì máa ń fẹ́ kí nǹkan wà bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹgbẹ́ kan, Vintage Motor Cycle Club, láti 1946, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú irú nǹkan báyìí. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó bá dán là ń pè ní tuntun, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi sáńpépà bó ọ̀dà àtilẹ̀wá tó ṣì dára kúrò nítorí kó lè dán fún ọjọ́ ayẹyẹ kan ṣoṣo ti pàdánù ohun tí kò lè rà padà.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ to ẹsẹ̀ padà, òrùka irin inú họ́ọ̀bù àti ṣúù bíréèkì ni kí wọ́n ṣọ́ jù. Pólíìṣì, kẹrosíìnì tàbí gíríìsì kékeré tó bá kan ibẹ̀ ti sọ bíréèkì di ẹ̀tàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ inú ìlú náà kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń dán ẹ̀tàn wò. Àkísà mímọ́ àti omi ọṣẹ ni kí wọ́n fi nu òrùka náà, kí ó gbẹ. Ṣúù tí epo bá ti wọ̀ lára kò ṣeé tún ṣe. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń tiná bọ̀ ọ́ kí epo lè jó kúrò, ṣùgbọ́n epo tó ti mu wọ inú rẹ̀ á tún sun jáde bí ó bá ti gbóná. Tuntun ni kí wọ́n rà.

Ìpara díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń kun ara mọ́tò, ni wọ́n á fi pa ojú họ́ọ̀bù kí ọ̀rinrin má tètè ràn án, wọ́n á sì fi ẹ̀kán epo ẹ́ńjìnnì kan sí ẹsẹ̀ sípóòkì kọ̀ọ̀kan níta, kí wọ́n nu àṣẹ́kù rẹ̀ kí ó má ṣàn. Kí wọ́n má gbé máṣíìnì náà ti àpò ajílẹ̀ òyìnbó tàbí iyọ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí adìẹ máa sùn lé e lórí, nítorí ìgbẹ́ adìẹ ń jẹ irin bí omi bátìrì ṣe ń jẹ ẹ́. Aṣọ ni kí wọ́n fi bò ó lásìkò ọyẹ́, kì í ṣe ọ̀rá, torí ọ̀rá a máa dá omi sí abẹ́ rẹ̀.

Bí ó bá di ọjọ́ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gùn ún, kí wọ́n tì í pẹ̀lú ọwọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n tẹ bíréèkì ti iwájú àti ti ẹ̀yìn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣáná sí i rárá. Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, kí wọ́n dúró, kí wọ́n fi ìka ta sípóòkì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ ju ti àwọn yòókù ti tú, sípánà sípóòkì ni kí wọ́n fi dè é.